Ìyípadà nínú iṣẹ́ fíìmù, tẹlifíṣàn àti kọ́míìkì ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara

Ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara, láti nǹkan bí ọdún 50 sẹ́yìn, fíìmù Yorùbá ti kúrò lórí sẹlulọ́ìdì, ìyẹn ọ̀já fíìmù sinimá àtijọ́, bọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó kúrò níbẹ̀ bọ́ sórí disiki, ó sì ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Gbogbo ìgbà tí ohun tó gbé eré dání bá yí padà ni gígùn eré náà àti iye tó ń náni ń bá a yí.

Sẹlulọ́ìdì

Ọmọ Àgbámù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, ni Adéyẹmí Afọláyan (1940–1996), tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Adé Love. Ó kópa nínú Àjàní Ògún (1976), tí Ọlá Balógun darí, òun fúnra rẹ̀ sì darí Kádàrá (1980). Fíìmù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 16 mm ń jẹ ẹsẹ̀ bàtà 36 ní ìṣẹ́jú kan, ti 35 mm ń jẹ 90. Eré wákàtí kan ààbọ̀ lórí 16 mm gba ẹsẹ̀ bàtà 3,240. Bí wọ́n bá ya ìran kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, ó di 9,720. Òkè òkun ni wọ́n ń kó o lọ fọ̀ kí àwòrán lè yọ. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986, apá àwọn olóòtú kò ká a mọ́.

Bí agolo fíìmù bá ń rùn bí ọtí kíkan, fíìmù inú rẹ̀ ti ń jẹrà. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń fà á. Kò ní àtúnṣe. Ibi tútù tó gbẹ lè mú kó falẹ̀, ó sì yẹ kí a yà á sọ́tọ̀ kó má baà ran ìyókù.

Kásẹ́ẹ̀tì àti disiki

Fídíò kò nílò fífọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì VHS E-180 gba wákàtí mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí a bá ti ń da ẹ̀dà láti ara ẹ̀dà, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ń ṣú sí i, tí àwọ̀ pupa sì ń tàn kọjá ààyè rẹ̀. Disiki VCD tó tẹ̀ lé e kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ. Àwọn kan ka “apá kìíní” àti “apá kejì” sí ọgbọ́n ajé lásán. Ó jọ pé àyè orí disiki náà lọ́wọ́ sí i, nítorí eré wákàtí méjì kò lè wọ ẹyọ kan.

Ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn ṣì wà nínú àpótí nílé. Bí a bá rí ohun funfun tó hù bí òwú létí téèpù, kò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀rọ: yóò dí orí tó ń ka àwòrán, yóò sì ran kásẹ́ẹ̀tì tó bá kàn. Kí a bo imú, kí a jẹ́ kó gbẹ níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kì í ṣe inú oòrùn. A ó tú ìdè márùn-ún tó wà lábẹ́ rẹ̀, a ó gbé kẹ̀kẹ́ téèpù méjèèjì sínú páálí kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tó mọ́, a ó sì máa fi aṣọ gbígbẹ tí kì í yọ òwú nù ún díẹ̀díẹ̀ bó ti ń yí. Ìwọ̀n 720 × 576, fírémù 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ló yẹ kí a fi dà á sórí kọ̀ǹpútà. Bí iná bá lọ nígbà tí téèpù ń yí, kí a má fà á jáde tipátipá; bí iná bá dé, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yóò ká a padà fúnra wọn.

Tẹlifíṣàn

Jos ni ètò tẹlifíṣàn díjítà ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2016. Ó dé Àbújá ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó sì dé Ìlọrin ní oṣù Kejìlá 2017. Tẹlifíṣàn àtijọ́ a máa fi àwòrán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ̀ hàn bí àmì bá rẹ̀. Ti díjítà a gan pa, tàbí kó má fi nǹkan kan hàn rárá. Ní ibi tí òkè bá dínà, gbígbé ẹ́ríà, irin tó ń gba àmì, sókè sí i dára ju pípààrọ̀ àpótí díjítà tó ń túmọ̀ àmì fún tẹlifíṣàn lọ.

Íntánẹ́ẹ̀tì

Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, gbé Aníkúlápó sórí Netflix ní 2022. Fẹ́mi Adébáyọ̀, tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Ìlọrin, gbé Jagun Jagun síbẹ̀ ní 2023. Ní oṣù Kìíní 2024, Amazon Prime Video dáwọ́ owó eré tuntun dúró ní Áfíríkà, ọ̀pọ̀ olóòtú sì yíjú sí YouTube. Kí ìkànnì tó máa gba owó ìpolówó, YouTube ń béèrè olùtẹ̀lé 1,000 àti wákàtí ìwòran 4,000 láàárín oṣù 12. Bí òǹwòran kọ̀ọ̀kan bá wo ogún ìṣẹ́jú péré, ìwòran 12,000 nìyẹn. Orin tí a kò gbàṣẹ lò lè gbé owó eré náà lọ sọ́wọ́ olórin, nítorí ẹ̀rọ YouTube ń dá orin mọ̀.

Kọ́míìkì

Atọ́ka, ìwé ìròyìn tó ń fi fọ́tò òṣèré sọ ìtàn, ni ọ̀pọ̀ àgbà fi mọ irú ìwé yìí. Ní oṣù Kẹrin 2025, Cartoon Network bẹ̀rẹ̀ sí í fi Iyanu hàn, eré àwòrán tí wọ́n mú láti inú kọ́míìkì Roye Okupe, tó fẹ̀yìn ti àṣà Yorùbá.

Àmì ohùn ló sábà máa ń dojú rú fún ẹni tó ń kọ kọ́míìkì ní Yorùbá. Lórí kọ̀ǹpútà, kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún “ẹ́” tàbí “ọ̀”. Lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ ni, tí a fi àmì ohùn lé lórí, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì kọ́míìkì a sì fi àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kí ó di àpótí òfìfo. Kí a tó kọ ọ̀rọ̀ sínú àwòrán, kí a kọ́kọ́ tẹ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ wò, ní lẹ́tà kékeré àti ńlá, kí àlàfo ìlà sì tó fún àmì tó wà lórí Ọ̀.