Ọrùn ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò tí bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù bá ń yà sọ́tùn-ún

Tí bọ́ọ̀lù bá ń yà wọ igbó lápá ọ̀tún ṣáá ní pápá gọ́ọ̀fù IBB l'Ábújá, èjìká lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ọrùn ọwọ́ òsì ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ẹni tó ń fọwọ́ ọ̀tún gbá là ń sọ o, kí ọlọ́wọ́ òsì yí i padà. Ẹ̀yìn ọwọ́ òsì àti ojú igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù jọ ń rìn ni, bí ọ̀kan bá ṣe yí ni èkejì máa yí.

Látorí bí wọ́n ṣe di igi mú ló ti bẹ̀rẹ̀. Inú ìka ni kí igi wà, kì í ṣe àárín àtẹ́lẹwọ́, téèyàn bá wolẹ̀ kó rí oríkèé ìka méjì àbí mẹ́ta lọ́wọ́ òsì. Kó má fún un pa, bí ẹni di ọmọ lọ́wọ́ mú sọdá títì ní Wúsè ni, kó má já bọ́, kó má sì dun ọmọ.

Tí igi bá ń lọ sẹ́yìn, ọrùn ọwọ́ á máa ká sókè sápá àtàǹpàkò, bí ẹni gbé òòlù láti kan ìṣó, tí apá òsì bá fi máa dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, òun àti igi á ti ṣe bíi lẹ́tà L.

Òkè pátápátá nibi tọ́rọ̀ wà. Kí ẹ̀yìn ọwọ́ òsì tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni gbé tíréè ọsàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká. Tí òsì bá tẹ̀ sẹ́yìn, ojú igi á ṣí, bọ́ọ̀lù á fẹ́ yà sọ́tùn-ún, tó bá tẹ̀ sápá àtẹ́lẹwọ́, ojú igi á padé, á fẹ́ yà sósì. Lóòótọ́ Dustin Johnson, agbágọ́ọ̀fù ará Amẹ́ríkà, tẹ tiẹ̀ sápá àtẹ́lẹwọ́ gan-an ó sì gba ìdíje ńlá U.S. Open 2016 àti Masters 2020, àmọ́ ó mọ bó ṣe ń fi ìyókù ara tún un ṣe. Ẹni tó jẹ́ Sátidé nìkan ló ń ráyè gbá, kó jẹ́ kó tẹ́.

Tí igi bá ń bọ̀ nílẹ̀, ìdí ló ń ṣáájú, igi ló ń gbẹ̀yìn, bíi pàṣán darandaran, ọwọ́ ti dé tí ṣóńṣó pàṣán ṣì ń bọ̀. Ẹni tó bá tú ọrùn ọwọ́ sílẹ̀ látòkè ti fi agbára ṣòfò. Tí igi bá fi máa kan bọ́ọ̀lù, kọ́wọ́ ti ṣáájú bọ́ọ̀lù díẹ̀, kí òsì tẹ́, kí ọ̀tún ṣì tẹ̀ sẹ́yìn, pàápàá tó bá jẹ́ áyọ́ọ̀nù, ìyẹn igi olórí irin, kó kan bọ́ọ̀lù kó tó kan ilẹ̀. Wọn ò fara kanra tó ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, kò sẹ́ni tó lè tún nǹkan ṣe níbẹ̀ mọ́.

Nígbà ọyẹ́, tílẹ̀ Kánò àti Bauchi le bí òkúta, àṣìṣe yìí kì í fara pamọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ bu bọ́ọ̀lù sókè bí ẹni bu omi, igi á kọ́kọ́ gbálẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, á ta padà sókè, á gbá bọ́ọ̀lù lórí, bọ́ọ̀lù á máa sáré nílẹ̀ bí eku. Lásìkò òjò, ṣe ni igi á wọlẹ̀ bí ọkọ́.

Lẹ́yìn tí igi bá ti kan bọ́ọ̀lù, apá ọ̀tún á yí bo òsì fúnra ẹ̀, kéèyàn má tì í.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò nílé, kó ki rúlà bọ abẹ́ okùn aago ọwọ́ òsì, kó na dé ẹ̀yìn ọwọ́, kó wá máa gbé apá lọ gbé e bọ̀ jẹ́jẹ́ láìgbá bọ́ọ̀lù. Tọ́wọ́ bá ti tẹ̀ sẹ́yìn lókè, rúlà á gún un.