Ẹja Òkun Mélòó Ló Lè Bá Ara Wọn Gbé Nínú Táńkì Dígí Kékeré? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ilé mi wà ní Gáà Àkànbí, ní Ìlọrin, ibi tí òkun ti jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé inú táńkì dígí tó wà ní pálọ̀ mi ni ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò ti kọ́kọ́ rí ẹja òkun tó wà láàyè. Lítà 100 ni omi rẹ̀, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì olómi lítà 25 mẹ́rin. Òkúta wà nínú rẹ̀, iyùn ààyè sì wà lára òkúta náà, nítorí pé ẹ̀dá abẹ̀mí ni iyùn. Egungun àwọn ìbátan rẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ tó fi ń di ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àwọn ọba wa. Ẹja mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. Iye yìí ló máa ń ya àwọn àlejò lẹ́nu jù, àwọn ìbéèrè tó sì máa ń tẹ̀ lé e ni mo kó jọ síbí, pẹ̀lú ìdáhùn tí mo ń fún wọn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ṣebí inú òkun kan náà ni gbogbo wọn ti ń gbé pọ̀ tẹ́lẹ̀? Kí ló dé tí wọ́n fi ń pa ara wọn bí wọ́n bá dé inú táńkì?

Ìdáhùn: Nínú òkun, ẹni tí a ṣẹ́gun lè sá. Ohun tó ya òkun sọ́tọ̀ sí táńkì nìyẹn, òun ló sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ yan ẹja fi sọ́kàn ṣáájú àwọ̀ àti ẹwà. Ọ̀pọ̀ ẹja tó ń gbé láàárín iyùn ló máa ń gba ihò kan tàbí abẹ́ òkúta kan, tí yóò sì máa ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ilẹ̀ baba rẹ̀. Bí àjòjì bá yọjú, onílé á dojú kọ ọ́, á lé e dé ìwọ̀nba mítà díẹ̀, àjòjì á wá ihò mìíràn, ọ̀rọ̀ á sì parí. Nínú táńkì tí gígùn rẹ̀ kò pé mítà kan, kò sí mítà díẹ̀ náà tí ẹni tí a ń lé yóò sá. Bó bá dé igun, dígí ló bá pàdé. Bó bá padà, onílé ló bá pàdé. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìyẹ́ rẹ̀ á ti fàya, kò ní jẹun mọ́, á sì kú, nígbà mìíràn láìsí ọgbẹ́ gidi kan lára rẹ̀. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n ní Ọ̀fà, ẹni tí wọ́n bá dá lulẹ̀ á gbọn erùpẹ̀ nù, á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹja tí wọ́n dá nínú táńkì kò ní ilé tí yóò gbà lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo àjòjì ni onílé ń lé. Ẹni tó bá jọ ọ́ ló máa ń bá jà jù, yálà àwọ̀ àti ìrísí ni wọ́n fi jọra, tàbí oúnjẹ àti irú ihò tí wọ́n ń fẹ́, nítorí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ló lè gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan, ṣùgbọ́n àgbò àti adìyẹ lè mu ún. Ìdí nìyí tí mo fi ń wá ẹja tó yàtọ̀ síra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ènìyàn máa ń fẹ́ rí agbo ẹja aláwọ̀ kan náà.

Ìbéèrè: Àwọn wo wá ni mẹ́rin tí ẹ yàn?

Ìdáhùn: Clownfish méjì, royal gramma kan, àti goby kan. Clownfish ni èyí tó ní àwọ̀ ọsàn pẹ̀lú ọ̀já funfun mẹ́ta lára. Kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 11 lọ, ó sì máa ń dúró sí igun kan lápá òkè omi. Royal gramma, tí orí rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò tí ìdí rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè, jẹ́ ẹja òkun Kàríbíà. Abẹ́ òkúta ni ibùgbé rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni kí ẹ rà, nítorí pé kì í fẹ́ rí ẹni tó jọ ọ́ sójú. Goby ní tirẹ̀ kì í kúrò lórí iyanrìn. Báyìí ni olúkúlùkù wọn ṣe ní agbo ilé tirẹ̀, lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, ọ̀nà wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pàdé àfi ní àkókò oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí goby yìí, nítorí pé òun ni mo fẹ́ràn jù. Ó ń bá edé kan gbé nínú ihò kan ṣoṣo. Edé náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ríran, ṣùgbọ́n ó mọ ilẹ̀ gbẹ́. Goby kò lè gbẹ́ irú ihò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú. Nítorí náà, edé á máa kó iyanrìn jáde láti àárọ̀ títí di alẹ́, goby á sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà bí ọlọ́dẹ. Nígbàkigbà tí edé bá jáde, á fi ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ kan goby lára; bí goby bá rí ewu, á gbọn ìrù, àwọn méjèèjì á sì kó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Edé yìí máa ń pa ọwọ́ rẹ̀ ńlá dé lójijì, ìró rẹ̀ á sì dún bí ẹni ṣẹ́ igi gbígbẹ. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lóru, kì í ṣe dígí ló là.

Ìbéèrè: Báwo ni ẹ ṣe mọ akọ yàtọ̀ sí abo nígbà tí ẹ ra clownfish méjèèjì?

Ìdáhùn: Kò sí abo nínú wọn nígbà tí mo rà wọ́n. Akọ ni gbogbo clownfish ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé wọn. Bí méjì bá ń gbé pọ̀, èyí tó tóbi tó sì lágbára jù ló ń di abo. Bí abo bá kú, akọ tó kù lè di abo, ṣùgbọ́n ẹni tó ti di abo kì í padà di akọ mọ́. Nítorí náà, ẹ ra ọmọ kéékèèké méjì tí ọ̀kan fi díẹ̀ tóbi ju èkejì lọ, kí ẹ sì kó wọn wọlé lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ó rí i pé kékeré á máa gbọ̀n rìrì níwájú àgbà. Ẹ má bẹ̀rù, ìtẹríba ni, kì í ṣe àìsàn. Ẹni tó bá ra abo àgbà méjì ti ra ogun wọlé.

Wọ́n tún máa ń béèrè bóyá ó pọn dandan kí clownfish ní ánẹ́mónì, ẹ̀dá ọlọ́wọ́ púpọ̀ tó máa ń ta tí clownfish ń sá pamọ́ sí nínú òkun. Kò pọn dandan. Ánẹ́mónì máa ń rìn káàkiri, á sì máa ta iyùn tó bá fara kàn. N kò gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn láti rà á.

Ìbéèrè: Ẹgbẹ̀rún kan àrọ̀ ni mo ń sìn ní Àjàṣẹ́-Ìpo, inú ọ̀gbun kan ṣoṣo ni wọ́n sì wà. Kí ló dé tí tiyín kò lè ju mẹ́rin lọ?

Ìdáhùn: Ẹ̀bùn kan wà lára àrọ̀ tí ẹja òkun wọ̀nyí kò ní, bàbá. Àrọ̀ lè yọ ẹnu sókè omi kó sì mí afẹ́fẹ́ tí àwa náà ń mí. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó wà nínú omi nìkan ni ẹja tèmi ní, omi gbígbóná kì í sì í di í mú tó omi tútù, bẹ́ẹ̀ ni omi iyọ̀ kì í di í mú tó omi odò. Ní Ìlọrin, ní oṣù kẹta ọdún, ooru ọ̀sán lè dé ìwọ̀n 35 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé láàárín 24 sí 27 ló yẹ kí omi táńkì wà. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sí ojú omi máa ń mú un tutù díẹ̀, ṣùgbọ́n bí NEPA bá mú iná lọ, fáànù á dúró, ẹ̀rọ tó ń da omi pọ̀ á sì dúró. Ẹja mẹ́rin lè rọ́jú di ìdájí pẹ̀lú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré oníbátìrì. N kò lè fi ẹja mẹ́wàá dán irú òru bẹ́ẹ̀ wò. Nítorí náà, òru tí kò sí iná ni mo fi ń ṣírò iye ẹja mi, n kì í fi ọ̀sán tí ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́ ṣírò rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí ẹ̀yin olùsin àrọ̀ ti mọ̀ jù wá lọ, òun ni ṣíṣa ẹja ńlá kúrò lára kékeré. Òfin kan náà ló wà nínú òkun: ohunkóhun tó bá gba ẹnu ẹja, oúnjẹ ni. Lionfish, tí ìyẹ́ rẹ̀ gùn bí ẹ̀gún òòrẹ̀, kì í bá goby jà, gbígbé ló ń gbé e mì.

Ìbéèrè: Àwọn ọmọ mi fẹ́ ẹja búlúù tí ìrù rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, èyí tí wọ́n rí nínú àwòrán. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Blue tang ni wọ́n ń pè é, bí owó ẹyọ náírà kan ni yóò sì ti kéré tó nígbà tí ẹ bá rí i lọ́jà, ṣùgbọ́n ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ìyẹn odindi rúlà ọmọ ilé-ìwé, ẹja tó sì máa ń wẹ̀ jìnnà ni. Mandarin náà wà, tí ara rẹ̀ dà bí àdìrẹ. Kòkòrò omi wínníwínní ló ń jẹ látàárọ̀ dalẹ́, táńkì lítà 100 kì í sì í lè bí kòkòrò náà tó bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ebi ló máa ń pa á kú lójú olówó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ butterflyfish sì máa ń jẹ iyùn fúnra rẹ̀.

Damsel búlúù ni mo kábàámọ̀ rẹ̀ jù. Kò wọ́n, ó le bí òkúta, òun ni mo sì kọ́kọ́ rà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Oṣù kejì ni mo ra firefish, ẹja funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìdí rẹ̀ pọ́n bí iná, onítìjú ẹ̀dá. Damsel kò jẹ́ kó sinmi fún wákàtí kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ilẹ̀ pálọ̀ ni mo ti bá a, ó ti fò jáde kúrò nínú omi nítorí ìpayà. Láti ọjọ́ náà ni àwọ̀n ti wà lórí táńkì mi, n kò sì ra damsel mọ́.

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ṣe pàtàkì?

Ìdáhùn: Ó ṣe pàtàkì gan-an ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń di onílẹ̀, nítorí náà onítìjú ni kó ṣáájú, kí onígboyà tẹ̀ lé e. Goby ni mo kọ́kọ́ kó wọlé nínú àwọn tí mo ní báyìí, royal gramma tẹ̀ lé e, clownfish ló kẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ló wà láàárín wọn, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ májèlé ìgbẹ́ ẹja di ohun tí kì í pani lára lè pọ̀ tó ẹnu tuntun tó dé. Kí ẹja àkọ́kọ́ tilẹ̀ tó wọlé rárá, táńkì náà ti wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pẹ̀lú omi àti òkúta nìkan. Bí ẹ bá rí i pé onílé ti ń fi ojú burúkú wo àlejò, ẹ tún òkúta tò. Ààlà á dàrú, gbogbo wọn á sì di àlejò lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè kó epìyà kékeré láti odò Ásà mọ́ wọn?

Ìdáhùn: Rárá. Bí iyọ̀ ṣe ń fa omi jáde lára ẹja tútù tí ẹ fi iyọ̀ pa ni omi òkun ṣe máa ń fa omi jáde lára ẹja odò. Ẹja òkun ń mu omi láti fi dípò èyí tó ń sọnù lára rẹ̀. A kò dá ọ̀pọ̀ ẹja odò bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Bí ẹja tí mo yàn bá bá ara wọn mu tán, ṣé kí n dà wọ́n sínú táńkì lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti Èkó dé?

Ìdáhùn: Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé inú táńkì mìíràn, tó ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tirẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán. Àìsàn kan wà tó máa ń yọ bí hóró iyọ̀ funfun lára ẹja òkun, oògùn tí wọ́n fi ń wò ó sì sábà máa ń ní bàbà nínú. Bàbà yìí ń pa iyùn, ó sì ń pa edé, nítorí náà kò ṣeé lò nínú táńkì ńlá. Ike aṣọ ńlá tí a kò fi ọṣẹ fọ̀ rí ni mo ń lò fún èyí, mo sì máa ń ju ègé páìpù omi méjì sínú rẹ̀ kí àlejò lè ní ibi tí yóò fara pamọ́ sí.