Ṣé Kí A Ṣáà Kó Àwọn Márùn-ún Tó Mọ̀ Ọ́n Gbá Jù Jáde?

Ìgbàgbọ́ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ họ́kì orí yìnyín, pàápàá ní alẹ́ tí ẹgbẹ́ wọn bá rí power play (ìgbà tí eléré wọn pọ̀ ju ti alátakò lọ nítorí ìjìyà) mẹ́ta tàbí mẹ́rin gbà tí wọn kò sì fi góòlù kankan sáwọ̀n. Wọn a ní akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ń fi àgbọ́njù ọgbọ́n ba nǹkan jẹ́: nígbà tí alátakò ti ṣẹ̀, tí rẹfirí ti lé ẹnì kan nínú wọn lọ jókòó fún ìṣẹ́jú 2, tí ó wá ku eléré mẹ́rin àti aṣọ́lé, kí ló tún kù ju pé kí a kó àwọn márùn-ún tó ń gbá góòlù wọlé jù jáde? Àwọn kan tilẹ̀ ń fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òwe náà kò ní àbùkù. Ohun tí kò sọ ni ọwọ́ wo, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe yìí wà.

N kò ní pẹ́ lórí pé power play kì í sábà di góòlù. Ẹni tó bá ti wo NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, fún sáà kan péré mọ̀ pé nínú márùn-ún, bíi ẹyọ kan ló ń wọlé. Edmonton Oilers ti sáà 2022–23, tí àkọsílẹ̀ wọn ga jù lọ nínú ìtàn líìgì náà, ṣe ìdá 32.4 nínú 100, wọ́n sì tún kùnà ní bíi ìgbà méjì nínú mẹ́ta.

Ohun tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́ ni ọ̀rọ̀ ọwọ́. Nínú họ́kì, ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lára ọ̀pá, tí ojú ọ̀pá náà sì wà ní ọ̀tún ara rẹ̀, ń gbá láti ọ̀tún. Ẹni tí tirẹ̀ wà ní òsì ń gbá láti òsì. Kò kan ọwọ́ tí ènìyàn fi ń kọ̀wé, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn eléré NHL ló ń gbá láti òsì, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì rárá. Ẹ wá fi ojú inú wo ẹni tó ń gbá láti ọ̀tún, tó dúró sí apá òsì pápá, tó kọjú sí ilé alátakò. Ojú ọ̀pá rẹ̀ wà ní ìhà àárín. Páàsì tó bá ti ọ̀tún wá yóò bá ojú ọ̀pá náà pàdé tààrà, kò sì ní í dá pọ́ọ̀kì (rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá) dúró kó tó gbá a lọ. Aṣọ́lé, tó ti kọjú sí ibi tí páàsì ti ṣẹ̀, gbọ́dọ̀ yọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan ilé rẹ̀ dé èkejì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í dé tán. Ẹ mú ẹni tó ń gbá láti òsì wá, kó mọ̀ ọ́n gbá bí ó ti wù kó mọ̀ ọ́n, kí ẹ fi í sí ojú ibẹ̀ kan náà: ojú ọ̀pá rẹ̀ wà ní ìhà ògiri, páàsì gbọ́dọ̀ kọjá iwájú ara rẹ̀, yóò gbà á, yóò tún un gbé kalẹ̀, yóò wojú ilé, aṣọ́lé yóò sì ti dúró dè é. Àkókò tí ìyẹn gbà kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí aṣọ́lé ń wá náà nìyẹn.

Àwọn onígbàgbọ́ yìí fẹ́ràn láti fi Alexander Ovechkin ṣe ẹ̀rí. Ovechkin ń gbá láti ọ̀tún, apá òsì ni Washington Capitals sì ti fi í sí láti ọjọ́ pípẹ́. Apá òsì náà ló ti gbá góòlù tó sọ iye góòlù rẹ̀ di 895, lórí power play, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2025, tó fi kọjá Wayne Gretzky, ẹni tí góòlù rẹ̀ pọ̀ jù nínú ìtàn NHL tẹ́lẹ̀. Bí ẹ̀rí yìí ṣe gbè wọ́n kò yé mi.

Wọn a ní Edmonton ńkọ́, tí wọ́n kó Connor McDavid àti Leon Draisaitl, àwọn ìràwọ̀ wọn méjèèjì, jáde pọ̀? Ẹ wo ibi tí wọ́n dúró sí. Draisaitl ń gbá láti òsì, apá ọ̀tún sì ni ti rẹ̀. Zach Hyman ń dúró níwájú ilé, ó ń dí aṣọ́lé lójú, ó ń kó èyí tó bá ta padà. Tyson Barrie tó wà lókè nígbà náà, ìyẹn ibi tó jìnnà jù sí ilé alátakò, ń gbá láti ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ lọ sí Nashville ní ìparí oṣù kejì ọdún 2023, Evan Bouchard, tí òun náà ń gbá láti ọ̀tún, ló bọ́ sípò rẹ̀, kì í ṣe Darnell Nurse tí owó rẹ̀ ga jù nígbà náà láàárín àwọn eléré ẹ̀yìn wọn. Ẹnikẹ́ni kò ka orúkọ láti òkè ìwé wá sísàlẹ̀ kó tó yan ìyẹn.

Bóyá a tilẹ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ power play ga ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí Boston Bruins gba Stanley Cup, ife ẹ̀yẹ NHL, ní ọdún 2011, power play 88 ni wọ́n ní nínú gbogbo ìpele ìdíje àṣekágbá (playoffs), 10 péré ló sì di góòlù. Wọ́n na Montreal ní ìpele àkọ́kọ́ láìrí ẹyọ kan nínú 21. Vancouver tí wọ́n ṣẹ́gun níkẹyìn ló ní power play tó dára jù nínú sáà náà. Edmonton ti 2023 pẹ̀lú, ìpele kejì ni Vegas ti lé wọn padà sílé. Nítorí náà, n kò sọ pé títo ọwọ́ bó ṣe yẹ ń gba ife. Mo sì gbà pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ páàsì nìkan lè dúró sí ìhà ọwọ́ ara rẹ̀ kó má sì sí àléébù, àti pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù náà lè jẹ́ àwọn tí ọwọ́ wọn bá ipò mu.

Kí ẹ tó máa pariwo pé kí wọ́n yí ètò padà, ẹ ka iye ànfààní tí ẹ ń wò. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní power play mẹ́ta nínú eré kan, 30 ni yóò ní nínú eré mẹ́wàá. Góòlù 6 jẹ́ ìdá 20 nínú 100, góòlù 8 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá 27. Góòlù méjì péré, tí ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ èyí tó ta bá ẹsẹ̀ ẹnì kan wọlé, ló wà láàárín ètò tí ẹ ń bú àti èyí tí ẹ óò máa yìn. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá sì gbọ́ tiyín, tó kó atamátàsé márùn-ún jáde láìfi eléré ẹ̀yìn kankan sí i, ẹ má ṣe jẹ́ kó yà yín lẹ́nu nígbà tí pọ́ọ̀kì bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà lókè, tí alátakò gbé e sáré, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni láàárín òun àti aṣọ́lé yín tó mọ bí wọ́n ṣe ń sáré padà sẹ́yìn.