Àtúnrán ni, kì í ṣe míìmù

Àwọn kan ní "míìmù" ni kí a máa pe "meme" ní Yorùbá, ìyẹn àwòrán tí èrò ń pín kiri orí ayélujára, tí kálukú ń fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí. Ẹni tó bá tún fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí mi, n ó bi í pé ṣé tútù ni àbí gbígbóná. Ẹ pè é sókè kí ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Ta ló máa gbọ́ ọ ní Ìdúmọ̀tà tí kò ní rò pé nǹkan mímu lẹ fẹ́ rà? A yá bírédì, a yá fóònù, a yá tẹlifíṣọ̀n, kò sí ẹni tó ṣì wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àyálò tó bá wọlé tó lọ ń kọlu ọmọ onílé, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní Yorùbá ní Súrùlérè ní "àwòrán apanilẹ́rìn-ín" ló yẹ kí a máa pè é. Mo ní Tíṣà, ọmọ ọdún méjì tó wọ agbádá bàbá rẹ̀ tó ń ṣubú ká ilẹ̀, tí wọ́n bá yà á ní fọ́tò, kò ha pani lẹ́rìn-ín? Ṣé ohun tí à ń sọ nìyẹn? Ó dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó tún gbé "àrokò orí ayélujára" dé. Èyí sàn, n kò ní purọ́. Láyé ọjọ́un, bí ẹnì kan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ọ, ó ń sọ pé ọkàn òun fà sí ọ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú Ọdúnladé Adékọ́lá ṣe ń já wọ WhatsApp wa láàárọ̀, tí a ó ti mọ ohun tí ẹni tó fi ránṣẹ́ ń sọ. Ibi tó ti wó ni pé, ta ló gba ẹyọ mẹ́fà rí tó fi méjì lé e, tó yọ ọ̀kan, tó tún tì í sí àdúgbò kejì? Àrokò ń dé ilé, á sì jókòó síbẹ̀. Èyí kì í jókòó.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní àtúnrán. Ẹ gbọ́ "rán" dáadáa. A ń rán aṣọ, a ń rán ọmọ níṣẹ́, ohùn òkè kan náà ni wọ́n jọ ń gbà. Àwòrán yìí, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un rán, wọ́n á sì tún fi í ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan gbé iṣẹ́ méjèèjì, ẹ tún ń wá kí ni? Bó ṣe rí gan-an ni àtúnkọ àti àtúnṣe rí, kò sí ẹni tó bá àwọn yẹn jà. Ẹnì kan ní bí òun bá gbọ́ àtúnrán, ṣòkòtò tó ya tí télọ̀ ń lẹ̀ ni òun ń rí. Ó ṣeun, ohun tí mo ń wí náà nìyẹn.

Richard Dawkins pàápàá, onímọ̀ nípa ohun alààyè tó dá ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn, "meme", sílẹ̀ ní 1976, kò ronú kan íntánẹ́ẹ̀tì. Ó mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tó jẹ mọ́ àfarawé, ó gé orí rẹ̀ kó lè dún bíi "gene", ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí. Ohun tó ń wá orúkọ fún ni àwọn nǹkan tí ọmọ aráyé ń wò kọ́ lára ara wọn: orin, àkànlò ọ̀rọ̀, àṣà ìmúra. Àṣà ìmúra, ẹ jọ̀ọ́! Ọkùnrin náà ti dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kí èmi tó débẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì yé, kó wo aṣọ ẹbí. Léèsì kan náà ni wọ́n rà ní Balógun, tí ọgọ́rùn-ún obìnrin pín. Ẹ wá dé òde: ẹnì kan rán ìró àti bùbá, ẹnì kan rán kaba, ẹnì kan sì ya ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu tí ìyá ọkọ ń wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Aṣọ kan náà ni, ọ̀rọ̀ tí kálukú fi sọ ló yàtọ̀. Ẹni tí a kò pè á kàn rí léèsì ni.

Fọ́tò kan tí Antonio Guillem, ayàwòrán ará Sípéènì, yà ní 2015 fún títà ni ẹ jẹ́ ká fi ṣe léèsì. Ọkùnrin kan yíjú padà, ó ń wo ọmọge tó kọjá. Ẹnu ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ tí wọ́n jọ ń lọ là sílẹ̀. Ní 2017, ayé gbà á lọ́wọ́ Guillem. Àbúrò mi, ọmọ Wizkid FC, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ Wizkid, pọ́ńbélé, kọ "èmi" sára ọkùnrin náà, ó kọ "orin tuntun Wizkid" sára ọmọge, ó kọ "ìdánwò ọjọ́ Ajé" sára ọ̀rẹ́bìnrin. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí ọmọ 30BG kan, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ Davido, fi tú u: "ọmọ FC" di ọkùnrin, "orin Davido" di ọmọge, ẹ mọ orúkọ tó kọ sára ẹni tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Àbúrò mi kò jẹun alẹ́.

A máa ń ta léèsì fún òkèèrè náà. Chinedu Ikedieze àti Osita Iheme ṣe fíìmù kan ní 2002, àgbà méjì tó ń ṣe ọmọdé aláìgbọràn. Nígbà tó di 2019, àwọn tí kò mọ Nollywood rí ti ń rán ojú wọn káàkiri Twitter.

Bóyá ó ń mì bíi GIF, bóyá sítíkà ni, bóyá fídíò, n kò ráyè ìyẹn. Fandom, orúkọ òyìnbó fún irú Wizkid FC àti 30BG, ńkọ́? Ẹgbẹ́ olólùfẹ́. Ó tán.

Lálẹ́ àná, Tíṣà fi sítíkà kan ránṣẹ́ sí mi. Èmi ni, níbi ìgbéyàwó kan ní Lafiaji, fìlà mi ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo na ìka sí alásè. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé tútù ni àbí gbígbóná?" Mo bínú, n kò fèsì. Nígbà tó máa fi di agogo mẹ́wàá, ìyàwó mi ti gba òmíràn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Agége. Fìlà náà ṣì wọ́, ìka náà ṣì nà. "Ẹran mi dà?" ni wọ́n kọ sábẹ́ tiyẹn.