Orin tí a kàn tàn sílẹ̀ kì í tọ́jú ọmọ

Ọ̀pọ̀ òbí tí ọmọ wọn nílò ìtọ́jú àkànṣe ló ti gbọ́ pé orin ń tún ọpọlọ ọmọ ṣe. Wọ́n á wá orin tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, wọ́n á tan fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á sì máa dún láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tí ọmọ ò bá tíì sọ̀rọ̀, wọ́n á ní orin ò ṣiṣẹ́ fún tiwọn.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ṣẹ̀ kò jìnnà. Lọ́dún 1993, ìwé àtìgbàdégbà Nature gbé ìwádìí kékeré kan jáde: akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 36 gbọ́ orin Mozart fún ìṣẹ́jú 10, wọ́n sì ṣe dáadáa díẹ̀ sí i nínú ìdánwò tó jẹ mọ́ fífi ojú inú wo bí nǹkan ṣe rí. Àǹfààní náà kò pẹ́ ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Kò sí ọmọdé kankan níbẹ̀, ká má tíì sọ ọmọ tó ní autism (ìyàtọ̀ nínú ọpọlọ tó ń mú kí ìbáṣepọ̀ àti ọ̀rọ̀ nira) tàbí Down syndrome (ipò àbínibí tó ń jẹ́ kí ọmọ pẹ́ kó tó kọ́ nǹkan). Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ débi pé lọ́dún 1998 gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà bèèrè fún dọ́là 105,000 kí wọ́n lè fún gbogbo ìkókó ìpínlẹ̀ náà ní orin.

Ọmọ tí ọ̀rọ̀ ń nira fún nílò ẹni tí yóò dúró dè é. Ẹ̀rọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí ọmọ tó ronú ohun tó fẹ́ fi dáhùn, orin ti kọjá ibẹ̀. Bó rẹ́rìn-ín, bó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ ò mọ̀. Orin a máa ràn án lọ́wọ́ nígbà tí èèyàn bá ń kọ ọ́ sí i lójúkojú, tí ohun tí ọmọ náà ń ṣe sì ń yí orin padà. Orí èyí ni Paul Nordoff, olórin ọmọ Amẹ́ríkà, àti Clive Robbins, olùkọ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé iṣẹ́ wọn kà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1959.

Ẹ lè ṣe é nílé. Ẹ mú orin kúkúrú kan tí ọmọ ti mọ̀ dáadáa. Ìlà mẹ́rin ti tó. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ jókòó kí ojú yín àti tirẹ̀ ṣe déédéé. Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì láìdúró, kí ẹ fà á díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà kẹta, tó bá ku ọ̀rọ̀ kan kí ìlà parí, ẹ dákẹ́. Ẹ wo ojú rẹ̀, kí ẹ rọra ka ení dé ẹẹ́wàá sínú. Ohunkóhun tó bá ṣe, ìdáhùn ni: ó lè wò yín, ó lè gbé ọwọ́, ó lè kùn. Bó bá ti ṣe é, ẹ sọ ọ̀rọ̀ tó kù lójú ẹsẹ̀, kí orin máa lọ. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ parí ìlà náà tọ̀yàyàtọ̀yàyà, kí ẹ tún un ṣe. Ìṣẹ́jú 5 sí 10 lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ àgbà kì í lè fara dà. Kí a tó ka ẹẹ́ta, wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọmọ, tàbí kí wọ́n máa pàṣẹ pé, “Sọ ọ́! Sọ ọ́!” Ọmọ tó ń gbọ́, tó ń ronú, tó tún ń wá bí yóò ṣe la ẹnu, kò ní rí àyè. Ẹ má sì pààrọ̀ orin lójoojúmọ́. Mímọ̀ tó mọ ọ̀rọ̀ tó kàn ló ń fa ohùn jáde lẹ́nu rẹ̀.

Fún ọmọ tí kì í lo ohùn rárá, ìlù méjì tàbí abọ́ ike tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ ti tó. Bó bá lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀yin náà ẹ lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá yára, ẹ yára. Tó bá ti yé e pé òun lẹ ń tẹ̀ lé, ẹ fi ìlù ẹyọ kan kún un, kí ẹ wò ó bóyá yóò fara wé yín. Ẹ má di ọwọ́ rẹ̀ mú lu ìlù, nítorí ẹ̀yin lẹ ń lù ú nígbà náà.

Ti ọmọ tó ní cerebral palsy (ìpalára ọpọlọ tó ń mú kí ìrìn àti lílo ara nira) tó sì ń rìn yàtọ̀. Ìró tó ń dún déédéé ló ń jẹ́ kí ara rẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ kí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan bó ṣe ń rìn fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ 60, ẹ ṣí áàpù tó ń lù déédéé (metronome), kí ẹ fi í sí 60 ní ìṣẹ́jú kan. Ó di ìgbà tó bá bá a mu kí ẹ tó gbé e sí 63. Orin ijó tó yára láti ìbẹ̀rẹ̀ lè gbé e ṣubú. Kí physiotherapist, ìyẹn onímọ̀ ìṣègùn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, wà níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́.

Ó ń dùn wá gan-an tí wọ́n bá ní ọmọ adití ò nílò orin. Evelyn Glennie, ọmọ Scotland, ti di adití nígbà tó pé ọmọ ọdún 12, ó sì di ìlúmọ̀ọ́ká onílù. Ó máa ń bọ́ bàtà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gba ìró. Ìlù ńlá lórí ilẹ̀ onípákó, ọwọ́ ọmọ lára ìlù: ìró ìsàlẹ̀, irú èyí tí ìlù ńlá ń mú jáde, ni ọmọ máa ń mọ̀ lára jù.

Bí ọmọ bá fi ọwọ́ bo etí, ẹ dín ohùn kù tàbí kí ẹ dá orin dúró. Ẹ má ṣe sọ pé yóò mọ́ ọn lára. Ariwo a máa dun àwọn ọmọ kan létí gan-an ni.

Orin kì í mú autism kúrò. Ìwádìí kan ní orílẹ̀-èdè 9, pẹ̀lú ọmọ 364, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2017, kò rí i pé ìtọ́jú orin fún oṣù 5 dín àmì autism tó jẹ mọ́ ìbáṣepọ̀ kù ju ìtọ́jú tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ àkójọ ìwádìí 26 tí Cochrane, àjọ tó ń ṣe àkójọ ìwádìí ìlera, gbé jáde lọ́dún 2022 fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ìtọ́jú orin mú kí ipò ọmọ dára sí i lápapọ̀, kí ìgbé ayé rẹ̀ sì dára sí i. Nítorí náà, nǹkan kékeré ni kí ẹ máa wá: nínú ìdákẹ́jẹ́ mẹ́wàá, mélòó ló dáhùn? Ẹ kọ iye náà sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí kò bá yí padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, ẹ yan orin míì, tàbí kí ẹ fà á díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fi ìwé náà han ẹni tó ń tọ́jú ọmọ.