Àpáta kò hù, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló lọ

Bí ènìyàn bá dúró lórí Olúmọ ní Abẹ́òkúta, tó ń wo òrùlé páànù tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ nísàlẹ̀, á rò pé ńṣe ni àpáta náà ta yọ láti inú ilẹ̀ bí olú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni òjò kó lọ.

Oríṣiríṣi ni ìrísí ilẹ̀ ayé. Odò ló gbẹ́ ọ̀pọ̀ àfonífojì, ìgbì òkun ló sì ń kó yanrìn jọ sí etíkun Èkó. Èyí tó jẹ mí lógún ni àpáta ràbàtà tó dá dúró láàrin ilẹ̀ títẹ́. Inselberg ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọ̀rọ̀ Jámánì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni òkè tó dà bí erékùṣù. Wilhelm Bornhardt, ará Jámánì tó ṣiṣẹ́ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ló fún un lórúkọ náà ní 1900.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Ìdànrè. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkúta yíyọ́ ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé òde. Abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti ń tutù díẹ̀díẹ̀. Nítorí pé kò yára tutù, àwọn horo inú rẹ̀ ráyè tóbi. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ óò rí wọn: funfun, dúdú, àti èyí tó ń dán bíi dígí. Akọ òkúta nìyẹn.

Òkúta yìí sán, ṣùgbọ́n ibì kan sán ju ibòmíràn lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Omi òjò ń gba ojú sísán yẹn wọlé, ó ń sọ horo funfun di amọ̀. Horo tó dà bí dígí kò gbà fún un, òun ló ń di yanrìn. Ibi tó sán púpọ̀ jẹrà, ibi tó dì pọ̀ kò jẹrà.

Àwọn tó ń gbẹ́ kànga mọ èyí dáadáa. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ti agboolé wa ní Abẹ́òkúta, ẹ̀bá òkìtì ilẹ̀ tí wọ́n ń fà sókè ni mo jókòó sí. Ilẹ̀ pupa ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà amọ̀ funfun. Òkúta kan tẹ̀ lé e tí horo rẹ̀ ṣì pé pérépéré, àmọ́ bí mo ṣe fún un lọ́wọ́ báyìí, ó di iyẹ̀pẹ̀. Níkẹyìn, dígà ró gbaan. Wọ́n ti kan àpáta. Bí òjò bá fi ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún wọ́ ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ, àpáta abẹ́ kànga yẹn náà lè yọrí síta bí Olúmọ.

Irú rẹ̀ wà ní Brazil pẹ̀lú: Pão de Açúcar tó wà ní Rio de Janeiro, tó ga ní mítà 396.

Kí ló wá mú kí orí wọn rí roboto? Ẹrù ilẹ̀ tó ti kúrò lórí wọn ni. Bí tìmùtìmù ṣe ń wú padà nígbà tí ènìyàn bá dìde, bẹ́ẹ̀ ni àpáta ń wú díẹ̀, tí ara rẹ̀ sì ń ṣí ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Bí ẹ bá dé orí àpáta tí wọ́n ń sá láfún sí, ẹ fi òkúta kan án jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ibi tó bá ń dún bí ìlù, ìpele ibẹ̀ ti ń ṣí.