Kọ̀ǹpútà tó ń ka sẹ́ẹ̀lì: kí ló dé tí wọ́n fi ń fún ẹni méjì níṣẹ́ kan náà?

Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí tó ń sọ fún aláìsàn pé jẹjẹrẹ ló ń ṣe é. Ohun tọ́pọ̀ èèyàn máa ń rò nìyẹn tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà àwọn aráàlú para pọ̀ ń bá dókítà yẹ ẹran ara wò, wọ́n á ní ẹ̀rọ ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ẹlòmíì á tún ní ṣé kì í ṣe pé fáìlì ìyá òun ti wà lọ́wọ́ ọmọ yahoo kan báyìí. Rárá o. Iṣẹ́ kíka sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara, àti wíwọ̀n wọn ni wọ́n ń gbé fún àwọn kọ̀ǹpútà yẹn, wọ́n á sì ti yọ orúkọ aláìsàn kúrò kí wọ́n tó gbé e jáde.

Ti ilé ìwòsàn, ká sáré kọjá ńbẹ̀. Wọ́n gé kókó lára ẹnì kan n'Ìkòròdú, ẹran yẹn lè dé láàbù n'Ìkẹjà tàbí Ìdí-Àràbà, wọ́n á rì í sínú fọmalín kó má bàa jẹrà, wọ́n á fi wax mú un le, wọ́n á bẹ́ ẹ pẹlẹbẹ títí tí ò fi ní nípọn ju bíi màíkírónù 4 lọ (ẹgbẹ̀rún màíkírónù ló wà nínú mìlímítà kan), wọ́n á wá fi aró sí i kí ọkàn àárín sẹ́ẹ̀lì yọ ní àwọ̀ àlùkò, kí ìyókù pọ́n díẹ̀. (Ọ̀kan nínú aró náà, inú igi kan tó ń hù ní Mẹ́síkò ni wọ́n ti ń fà á yọ, ẹ ò rí nǹkan.) Tẹ́lẹ̀, patọ́lọ́jísìtì, ìyẹn dókítà tó ń yẹ ẹran ara wò, á fojú sí maikirosíkóòpù, ó parí. Ìgbà tí wọ́n bá gbé sílàìdì yẹn, ìyẹn gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ́ ẹran náà sí, sórí ẹ̀rọ tó ń yà á ní fọ́tò lọ̀rọ̀ tó dùn bẹ̀rẹ̀.

Fọ́tò ọ̀hún kì í ṣẹgbẹ́ fọ́tò fóònù. Tí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po 40 yà á, píkísẹ́lì kan, ìyẹn ẹyọ tó kéré jù nínú fọ́tò, ò ju màíkírónù 0.25 lọ, mìlímítà 1 péré ti gba píkísẹ́lì 4,000. Ẹran tó fẹ̀ ní mìlímítà 15, tó gùn ní mìlímítà 15, á di píkísẹ́lì 60,000 lọ́nà méjèèjì, ìyẹn bílíọ̀nù 3.6. Kọ̀ǹpútà kan lè ṣe é sha, àmọ́ tí sílàìdì bá ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ẹ máa dúró dúró ni. Wọ́n á wá gé fọ́tò náà sí wẹ́wẹ́, ká ní píkísẹ́lì 512 sí 512, sílàìdì kan ṣoṣo á di nǹkan bíi wẹ́wẹ́ 14,000, wọ́n á pín in kiri íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá ti gbà kí kọ̀ǹpútà òun máa bá wọn ṣiṣẹ́ nígbà tóun ò bá lò ó.

Ká ní ìyá ẹlẹ́wà kan lọ́jà Sábó fẹ́ mọ bí kòkòrò ṣe jẹ àpò ẹ̀wà kan tó. Ó wọn àpò náà ní kóńgò kóńgò, ó pín in fáwọn obìnrin, ó ní kí kálukú ka hóró tó ti luhò. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ ẹni tó kà á lóòótọ́? Ẹnì kan lè wò ó lóréfèé kó ní "ogójì ni mà", ẹnì kan ń wo fíìmù lọ́wọ́, ojú ẹlòmíì ò ríran dáadáa, ẹnì kan sì wà tó jẹ́ pé torí wọ́n ń sanwó lórí kóńgò ló ṣe ń sáré, kóńgò mẹ́wàá ti parí lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Màmá ò lè dúró ti gbogbo wọn. Ohun tó máa ṣe ni pé kó gbé kóńgò kan náà fún ẹni méjì tí wọn ò mọra, ọ̀kan n'Ígbógbó, ọ̀kan n'Ìjẹ̀dẹ́, tí iye wọn bá bára mu ó gbà á, tí ò bá bára mu, ó di tẹnì kẹta. Kò bi ẹnikẹ́ni bóyá olóòótọ́ ni, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ti ẹ̀wà, kóńgò náà gbọ́dọ̀ wọ máruwá láti Igbógbó dé Ìjẹ̀dẹ́, ti kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà lásán ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Àmọ́ ẹ̀wà rọrùn níbì kan: hóró kan kì í wà nínú kóńgò méjì, sẹ́ẹ̀lì sì máa ń bọ́ sójú ibi tí wọ́n gé, ìdajì ẹ̀ síbí, ìdajì sọ́hùn-ún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gé wẹ́wẹ́ náà kó gun ara wọn díẹ̀ létí, kí wọ́n tó yọ èyí tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì.

Bí BOINC ṣe ń ṣe nìyẹn, prógíráàmù tó ń pín irú iṣẹ́ báyìí fún kọ̀ǹpútà aráàlú, tí wọ́n kọ ní yunifásítì Berkeley l'Amẹ́ríkà. "Bára mu" yẹn gan-an ní wàhálà tiẹ̀ nínú. Kọ̀ǹpútà tó ń lo ṣíìpù Intel àtèyí tó ń lo ṣíìpù AMD lè ṣírò nǹkan kan náà kí ẹ̀yìn póńtì má dọ́gba, tí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tó ń pín iṣẹ́, bá ní àfi kó dọ́gba pátápátá, olóòótọ́ méjì á di onírọ́. Wọ́n lè fàyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàtọ̀, wọ́n sì lè rí i pé irú kọ̀ǹpútà kan náà ni wọ́n fún ní ẹ̀dà méjèèjì. Kọ̀ǹpútà tó ti ń ṣe dáadáa látẹ̀yìn, wọ́n lè máa gbé iṣẹ́ fún òun nìkan, kí wọ́n kàn máa yọ́ ọ yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn ò ṣàdédé gbọ́n bẹ́ẹ̀ o. Láyé SETI@home tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1999, níbi tí kọ̀ǹpútà aráàlú ti ń wá àmì bóyá ẹ̀dá míì wà lójú sánmà, máàkì lásán ni wọ́n ń fún èèyàn, kò sówó ńbẹ̀, síbẹ̀ àwọn kan ń yí prógíráàmù kí máàkì tiwọn lè pọ̀.

Nǹkan míì tó wuyì: server kì í pe kọ̀ǹpútà yín, kọ̀ǹpútà yín ló máa lọ béèrè iṣẹ́. Torí náà tí NEPA bá múná lọ ní Ágíríìkì n'Ìkòròdú, server ò mọ̀, kò sì kàn án. Prógíráàmù ti ń tọ́jú ibi tó dé pa mọ́, tíná bá dé, ó máa bá a lọ látibẹ̀, tọ́jọ́ tí wọ́n dá bá kọjá, wọ́n á gbé e fẹ́lòmíì. Ó dà bíi pé ẹni tó kọ ọ́ ti gbé n'Ìkòròdú rí. Ẹ wo àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò JAMB, kọ̀ǹpútà ńbẹ̀ pọ̀ lọ súà, ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún wọ́n kàn jókòó ni. Àwọn kan á ní kí wọ́n fi àwọn kọ̀ǹpútà yẹn kún iṣẹ́ yìí. Ta ló máa ra dísù sí jẹnẹrétọ̀? Kọ̀ǹpútà tó bá ń ṣírò ń jẹ iná ju èyí tó kàn jókòó lọ, "ọ̀fẹ́" tí wọ́n ń sọ yẹn, ọ̀fẹ́ ibi tíná kì í lọ ni.

Wọ́n ti ṣe é rí fún jẹjẹrẹ ní tààràtà. World Community Grid, ètò tó ń kó kọ̀ǹpútà aráàlú jọ fún iṣẹ́ ìwádìí, tí iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM dá sílẹ̀ lọ́dún 2004, gbé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Help Defeat Cancer lọ́dún 2006, ẹran kéékèèké ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n tò sórí sílàìdì kan, kọ̀ǹpútà àwọn aráàlú sì ń wọn bí aró ṣe mú níbì kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà ló ń padà wá, pé báyìí ni àwọ̀ ibí ṣe rí, pé báyìí ni sẹ́ẹ̀lì ṣe tò.

Ibi tí ètò yìí kù sí ni aró yẹn gan-an. Àyẹ̀wò ẹni méjì máa ń mú kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́, kò lè mú prógíráàmù tó ṣì í. Tí láàbù kan bá jẹ́ kí aró pẹ́ lára ẹran ju bó ṣe yẹ lọ, kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ á kà á sí ohun tí kì í ṣe, ìkejì á kà á bẹ́ẹ̀, iye wọn bára mu, server á ní ó dáa, ó ti wọlé. Ẹ gbé e fún ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹpútà, irọ́ kan náà ni wọ́n máa jọ pa. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n máa tún àwọ̀ fọ́tò ṣe kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n sì máa ki sílàìdì tí patọ́lọ́jísìtì ti kà tẹ́lẹ̀ bọ àárín iṣẹ́, láìsọ fún kọ̀ǹpútà kankan.